Sáfà mi ní Ìkòròdú ń ṣàdédé kú, ta ló mọ ohun tó ń pa á?

Tíṣà_Ìgbógbó · Sátidé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Mo ní ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní Ìgbógbó níbí, àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún tó kọjá mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, kékeré báyìí, òun ni sáfà tí mò ń sọ yìí, mo gbé Proxmox 8 (ètò tó ń pín kọ̀ǹpútà kan sí púpọ̀) lé e lórí, mo wá dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta sínú ẹ̀, ọ̀kan fún CBT tí àwọn ọmọ fi ń dán ara wọn wò, ọ̀kan Windows tí ìyàwó mi fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó, ìkẹta container ni, ibẹ̀ ni mo ń kó fídíò àti fáìlì sí. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ńṣe ló dà bí ilé tí lánlọ́ọ̀dù pín sí yàrá mẹ́ta, kálukú ló ní ilẹ̀kùn tiẹ̀ àmọ́ òrùlé kan náà ló bo gbogbo wọn. Tí òrùlé bá ti ṣí, òjò ò mọ ti ẹnì kan.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó ti ń kú. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, nígbà mìíràn á lo ọjọ́ mẹ́fà tí ò ní ṣe nǹkan kan, màá wá máa rò pé ó ti tán, bó ṣe máa tún ṣe mí nìyẹn. Àná ló wá dójú tì mí jù. Ọmọ méjìlá ló jókòó, ọ̀kan nínú wọn ti dé ìbéèrè 143 nínú 180, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà wọn kàn funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí.

Ohun tí mo ti ṣe: mo ti tún Proxmox gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pààrọ̀ kéébù nẹ́tíwọ̀kì, mo ti ṣe apt dist-upgrade (ìyẹn ni pé mo gbé ètò inú ẹ̀ sí tuntun). Core i5 olórí mẹ́rin ni, ráámù 24GB (8 ló bá a wá, mo fi 16 kún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn), SSD 500GB. Ẹ má sì wulẹ̀ sọ pé iná ni o, ínfátà ló gbé gbogbo ilé, bátìrì méjì, tí wọ́n bá mú iná tẹlifíṣọ̀n ò tiẹ̀ ní ṣẹ́jú.

Ọmọ_Agríc · 9:26 alẹ́

Ìbéèrè 143 kẹ̀! Tíṣà ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ yẹn á ti ṣépè nínú ọkàn ẹ̀ o. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ yọ Proxmox yẹn dànù kẹ́ ẹ fi Windows lásán sí i jàre, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, wàhálà ni gbogbo ẹ̀.

BàbáSáfà_Sábó · 9:51 alẹ́

Ọmọ_Agríc, jókòó ná. Ẹni tórí ń fọ́, wọn kì í bá a gé e.

Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tẹ́ ẹ ní ó "kú" yìí, irú ikú wo? Ṣé ó gan ni, tí iná iwájú ẹ̀ ṣì ń tàn, tí fáànù ń yí, àmọ́ tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kó tó pa? Àbí ńṣe ló pa lójijì tó sì dá ara ẹ̀ tàn, tó fi jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó sáré débẹ̀ ó ti ń bọ̀? Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Tí kernel Linux (ọkàn ètò tí Proxmox dúró lé) bá dàrú, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀ láti ilé ni pé kò ní dá ara ẹ̀ tàn, ńṣe ló máa gan síbẹ̀, àyàfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti lọ yí kernel.panic padà, tàbí tẹ́ ẹ bá so sáfà pọ̀ tẹ́ ẹ ń lo HA (kí sáfà kan lè gba iṣẹ́ èkejì tó bá kú), torí ìyẹn ní watchdog, ìyẹn aṣọ́ tó lè pa á kó tún un tàn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo bíi tiyín ò sí nínú ìyẹn.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan méjì. Ẹ tẹ journalctl --list-boots, ẹ máa rí gbogbo ìgbà tó ti tàn àti aago ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ journalctl -b -1 -e, ìyẹn ni ìparí ọ̀rọ̀ tó sọ kó tó kú kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fi -2 sí i á gbé yín lọ sí èyí tó ṣáájú ìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ó ń pariwo kó tó kú, àbí ńṣe lọ̀rọ̀ kàn já lẹ́nu ẹ̀. Ìkejì, ẹ wá ìwé kékeré kan ẹ gbé e sórí sáfà yẹn pẹ̀lú bírò. Gbogbo ìgbà tó bá kú, ẹ kọ ọjọ́, aago, irú ikú tó kú, àti ohun tó ń lọ nínú ilé lásìkò yẹn, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó yín ń fi blender lọ ata, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùté · 10:15 alẹ́

Ẹ má bínú tí mo bá dá sí i o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Tíṣà, ṣé ẹ ní bákọ́ọ̀pù? Ẹ má sọ fún mi pé ó wà lórí SSD kan náà yẹn. Ẹ wá háàdì díìsì ìta kan, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ lọ sí Datacenter, Backup, kí ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń kú lójijì, ọjọ́ kan báyìí á kú nígbà tó ń kọ nǹkan sínú database lọ́wọ́. Ẹ tún wo díìsì VM yín (àwọn kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ dá sínú ẹ̀ yẹn), tẹ́ ẹ bá ti yan Writeback níbi cache torí kó lè yára (á máa di nǹkan mú sínú ráámù kó tó kọ ọ́ sórí díìsì), ẹ dá a padà sí No cache títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí i wò. Mi ò ṣeré o. Ẹ̀bùté níbí létí ọ̀sà, tèmi gan-an lọ́dún tó lọ, èèrà ló wọ inú ẹ̀, wọ́n kó ẹyin sí abẹ́ ibi tí fáànù wà, ó wá ń gbóná. Eruku ọyẹ́ tún wà ńbẹ̀. Ẹ fi lm-sensors sí i kẹ́ ẹ tẹ sensors, tí ooru ẹ̀ bá ti ń lé ní 85 (Celsius) nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ nu ún kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ paste orí CPU ẹ̀.

Tíṣà_Ìgbógbó · 11:40 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mà, bákọ́ọ̀pù ti ń lọ lọ́wọ́ báyìí (ó wà lórí SSD kan náà lóòótọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ forí jì mí). Mo ṣí i, eruku wà, èèrà ò sí, ooru ẹ̀ ò ju 58 lọ.

Bàbá Sáfà, ọ̀rọ̀ yín ti dá kinní kan sí mi lára o. Méjèèjì ló ń ṣe! Mi ò ronú ẹ̀ rí pé wọ́n yàtọ̀, ikú ni mò ń pe gbogbo ẹ̀. Mo ka lọ́ọ̀gì mẹ́jọ sẹ́yìn. Ní mẹ́ta nínú ẹ̀ ariwo ló kún ibẹ̀, "BUG: Bad page state", "segfault", lẹ́ẹ̀kan pveproxy (ojú wẹ́ẹ̀bù Proxmox) ló ṣe é, lẹ́ẹ̀kan kvm (tó ń gbé VM), lẹ́ẹ̀kan nǹkan tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, àwọn wọ̀nyí ni mo fi ọwọ́ pa. Márùn-ún tó kù, kò sí nǹkan kan. Bí àpẹẹrẹ ti àná, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni CRON aago 19:17:01, èyí tó ń ṣe ní gbogbo wákàtí yẹn, ìlà tó tún tẹ̀ lé e ti di 19:42 nígbà tó ti ń tàn padà. Kò dágbére.

BàbáSáfà_Sábó · Sọ́ńdè, 6:30 àárọ̀

Àìsàn méjì ló wà lára ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí ò fi ní ìlànà kan pàtó lójú yín, ẹ da àpò méjì pọ̀ ẹ wá ń wá ẹ̀wà nínú gààrí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan. Èyí tó ń pariwo yẹn, ẹ wò ó pé kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣubú. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ló bàjẹ́ nínú Proxmox, ibì kan náà ni ì bá máa ṣubú sí. Àmọ́ lónìí pveproxy, lọ́la kvm, lọ́túnla ẹlòmíràn, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé ló ń mì. Ráámù ni. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lẹ fi 16 yẹn kún un, oṣù méjì lẹ ti ń sunkún. Ẹ gba Memtest86+ (ètò tó ń dán ráámù wò) ẹ̀dà 6 sókè (èyí àtijọ́ kì í tàn lórí UEFI, ìyẹn BIOS ìgbàlódé), ẹ kọ ọ́ sórí flash, ẹ fi flash yẹn ṣe àkọ́kọ́ nínú BIOS (ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà), kẹ́ ẹ jẹ́ kó sáré mọ́jú. Tí XMP (tó ń mú ráámù sáré sí i) bá wà ní títàn ẹ pa á. Ìlà pupa kan ṣoṣo, ìyẹn àṣìṣe, ti tó, kò sí pé ó kéré. Tẹ́ ẹ bá ti rí pupa, ẹ yọ wọn kẹ́ ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan mẹ́ta papọ̀ tó sì dáa, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ará_Ẹ̀pẹ́ · 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń wò yín. Kí n fi tèmi kún un torí ẹlòmíràn tó bá ń ka ibí yìí lẹ́yìnwá ọ̀la. Tèmi náà "ń kú", mo fi bọ́tìnì pa á títí, ìgbà tí mo gbé máánítọ̀ lọ so mọ́ ọn ni mo rí i pé kò kú rárá! Káàdì nẹ́tíwọ̀kì ló ń gan, gbogbo VM ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún láìsí ẹni tó lè débẹ̀. Nínú dmesg (lọ́ọ̀gì kernel) ó ń kọ "Detected Hardware Unit Hang", dráífà e1000e ni. Ohun tó bá mi yanjú ẹ̀ ni ethtool -K eno1 tso off gso off, mo wá kọ ọ́ sínú /etc/network/interfaces kó lè máa ṣe é fúnra ẹ̀ tó bá tàn. Ẹ wo orúkọ káàdì tiyín o, ó lè má jẹ́ eno1.

Àbúrò mi náà lo Ryzen (CPU ti AMD) àkọ́kọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tiẹ̀ yàtọ̀, tí iṣẹ́ bá wà kò ní ṣe nǹkan kan, tí gbogbo èèyàn bá ti sùn ló ń gan. Nínú BIOS ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Power Supply Idle Control, ó yí i sí Typical Current Idle, títí dòní. Ẹni tó bá sì ń lo Intel ìran 13 tàbí 14 tó jẹ́ ti alágbára yẹn, kó lọ wá BIOS tó ní microcode (ìtọ́ni inú CPU) 0x12B, ti 2024, sókè, torí fóltéèjì tó ń bèrè tẹ́lẹ̀ ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kò ní tìtorí ẹ̀ sàn.

Tíṣà, máánítọ̀ ń kọ́? Ṣé ojú ẹ̀ náà ń gan?

Tíṣà_Ìgbógbó · 8:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo wò ó, tèmi kú pátápátá ni, mo tẹ caps lock, iná ẹ̀ ò tàn. Mò ń lọ ṣe memtest.

Tíṣà_Ìgbógbó · Túsìdeè, 10:05 alẹ́

Ìròyìn ti dé. Bàbá Sáfà, ẹ̀yin lẹ jàre! Kò tiẹ̀ pé ogójì ìṣẹ́jú tí pupa ti bo gbogbo ojú ẹ̀. Mo yọ 16 yẹn, mo fi 8 nìkan síbẹ̀, mo ní kó máa sáré. Ọmọ tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bá wá.

Ohun kan wá rú mi lójú. 8 yìí ti sáré fún wákàtí márùn-ún láìsí àṣìṣe kankan, mo lọ jẹun, ìgbà tí mo padà dé mo rí i pé aago orí Memtest yẹn wà ní ìṣẹ́jú 21. Àfi bí ẹni pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀ láti odo. Ṣé Memtest náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àbí flash mi ló ní wàhálà?

BàbáSáfà_Sábó · 10:11 alẹ́

Tíṣà. Ẹ tún ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn kà.

Memtest kì í ṣe Linux. Kò sí Proxmox ńbẹ̀, kò sí VM, kò sí dráífà, SSD gan-an kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ yẹn pa, ó sì dá ara ẹ̀ tàn, flash ló wà ní àkọ́kọ́ nínú BIOS ló ṣe padà sínú Memtest. Àìsàn kejì nìyẹn, ó jókòó síwájú yín. Gbogbo ohun tí à bá máa fi oṣù kan fura sí, ẹ ti fi alẹ́ kan pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ lọ wo BIOS, níbi tí wọ́n kọ After Power Loss sí, mo fi orí mi dúró pé Power On lẹ fi sí i.

Aago mélòó lẹ lọ jẹun?

Tíṣà_Ìgbógbó · 10:19 alẹ́

Power On ni lóòótọ́, èmi ni mo fi sí i kó lè máa tàn tí bátìrì bá tán tí iná dé. Nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dìde. Àmọ́ Bàbá, iná ò lọ o! Gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, àwọn ọmọ mi ń wo bọ́ọ̀lù.

Wáyà_Ọ̀dọ̀ńgúnyàn · 10:47 alẹ́

Ẹ gbà mí láyè. Oníná ni mí, n ò mọ Proxmox, ọ̀kan nínú ẹbí mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi. Tíṣà, pé gílóòbù ń tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Gílóòbù àti fáànù kò ní mọ̀ tí iná bá já fún ìdá àádọ́ta sẹ́kọ́ńdì kan, ojú yín náà ò ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà ló mọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Nínú ínfátà yín ibì kan wà tẹ́ ẹ ti máa yan APL (fún ohun èlò ilé) tàbí UPS (fún kọ̀ǹpútà). Lára ọ̀pọ̀ ínfátà alágbàpọ̀ (hybrid) tí à ń gbé sílé báyìí, nọ́ńbà 03 ni. Tó bá wà ní APL, á máa gba iná ìta láti 90 fóltì títí dé 280, tó bá sì fẹ́ bọ́ sórí bátìrì á gbà tó mìlísẹ́kọ́ńdì 20. Tó bá wà ní UPS, ohun tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 170 kò ní gbà á, nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ńdì 10 ló sì fi ń bọ́ sórí bátìrì. Pawa páàkì kọ̀ǹpútà (àpótí tó ń fún un níná) tó ṣì jẹ́ tuntun, tí ẹrù bá kún orí ẹ̀, nǹkan bí 16, 17 ni agbára inú kàpásítọ̀ ẹ̀ lè gbé e dé. Ti tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méje lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa, kàpásítọ̀ ẹ̀ ti gbẹ, á dín sí ìyẹn dáadáa. Ẹ wá rò ó, ẹni tó lè di èémí ẹ̀ mú fún 12, tẹ́ ẹ ti orí ẹ̀ bọ omi fún 20.

Ìgbà tí àwọn ọmọ bá wà lórí ẹ̀ ló máa ń kú jù, àbí? Torí ìgbà yẹn ló ń jẹ iná jù, ohun tó wà nínú kàpásítọ̀ tètè ń tán.

Ẹ fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ìta láago mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rí fún wa. Tẹ́ ẹ ò bá lo mítà rí ẹ má dá a ṣe o, ẹ pe oníná àdúgbò yín.

Tíṣà_Ìgbógbó · Wẹ́sìdeè, 8:31 alẹ́

Oníná wa ló bá mi wò ó. 148 fóltì! Kò dúró sójú kan, ó ń fò láàárín 130 sí 155. Ínfátà wà ní APL, bí wọ́n ṣe gbé e sílé látọjọ́ ọjọ́ nìyẹn. Mo tún gbé aago inú list-boots jáde, mo kó gbogbo ìgbà tó dá ara ẹ̀ tàn jọ, ìgbà mẹ́sàn-án, méje nínú ẹ̀ wà láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, méjì tó kù ìdájí ni, ìyàwó mi ló rántí pé ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ọjọ́ tí iná dé lójijì tí rédíò jí gbogbo wa.

Ọmọ_Agríc · 8:36 alẹ́

148! Nígbà tó jẹ́ pé Ègbìn tó ní megawatt 1,320 wà níbí lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀, èèyàn lè gun ọ̀kadà débẹ̀.

Wáyà_Ọ̀dọ̀ńgúnyàn · 8:44 alẹ́

Àbúrò, ìyẹn ò kan Ègbìn. Iná tí wọ́n ṣe níbẹ̀, orí wáyà ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń lọ, kì í ṣe pé wọ́n fà á láti ibẹ̀ wá sí àdúgbò Tíṣà. Tíránsífọ́mà tó jìnnà sí ilé, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo èèyàn kó ara wọn jọ sórí fíìsì kan, aago méje lu gbogbo wọn tan pọ́ǹpù omi àti áyọ́ọ̀nù. Kí fóltéèjì má ṣubú kọ́? Tó bá wá já wọ abẹ́ 90 lẹ́ẹ̀kan, ínfátà á bọ́ sórí bátìrì, ibẹ̀ ni sáfà ti ń kú. Tíṣà, ẹ lọ yí 03 yẹn sí UPS, ó parí.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùté · 9:02 alẹ́

Kò tíì parí o ọ̀gá Wáyà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kò ní gba ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 170, Tíṣà sì ní 148 lòún rí lálẹ́. Ìyẹn ni pé gbogbo alẹ́ iná á wà lójú pópó, ínfátà á kọ̀ ọ́, bátìrì lá á máa jẹ. Nígbà tí wọ́n bá wá mú iná náà láago mọ́kànlá, kí ló kù nínú bátìrì? Fíríísà ń kọ́? Mo ti ṣe é rí, ẹja tí mo rà ní Ẹ̀bùté yẹn jẹrà ni, bàbá ìbejì ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ẹ fi gbogbo ilé sílẹ̀ ní APL bó ṣe wà. Ẹ wá UPS kékeré (àpótí bátìrì tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti nọ́ńbà 03 yẹn), 650VA ti tó, ẹ fi sáfà àti ráútà nìkan sórí ẹ̀, kí ó jókòó láàárín wọn àti ínfátà. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gbé mìlísẹ́kọ́ńdì yẹn kọjá lọ.

Wáyà_Ọ̀dọ̀ńgúnyàn · 9:10 alẹ́

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín. Mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé kẹ́nikẹ́ni má lọ ra sítébíláísà onírelay tó ń ké kọ̀ kọ̀ kọ̀ yẹn torí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ìgbà tó bá ké yẹn, iná ń já fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré náà ni, wàhálà lórí wàhálà. Kí UPS náà jẹ́ pure sine wave (tí iná ẹ̀ rí bíi ti ìta) tówó bá gbé e, pawa páàkì tó bá ní active PFC (tó ń ṣètò bó ṣe ń fa iná) kì í fẹ́ràn iná onígun-mẹ́rin ti olówó pọ́ọ́kú.

Kẹ́ ẹ tó náwó ṣá, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ pa gbogbo VM dáadáa, ẹ jẹ́ kí Memtest máa sáré, kí oníná yín wá máa já bíréékà iná ìta tó wọ ínfátà, kó gbé e padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì méjì, ní bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Tó bá jẹ́ ohun tí mo sọ ni, á kú lójú yín.

Tíṣà_Ìgbógbó · Fúráìdè, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá la já a, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú. Ẹ̀kẹta gan-an ló kọ́kọ́ kú, mo pariwo, ìyàwó mi sáré wá, ó ní kí ló dé tí sáfà kú tí mo ń jó.

Ará_Ẹ̀pẹ́ · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Hahaha ó yé mi pátápátá. Ikú tó bá ti ń wá nígbà tá a pè é, ó ti tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ra UPS náà ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ó ní ojú USB, ẹ so ó mọ́ sáfà kẹ́ ẹ fi nut (ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀) sí i, tí bátìrì UPS bá fẹ́ẹ́ tán nut á pa àwọn VM jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó tó pa sáfà. Kí flash Memtest yẹn má gbàgbé síbẹ̀ ṣá o!

Tíṣà_Ìgbógbó · ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní kọ nǹkan síbí títí uptime (iye ọjọ́ tó ti wà ní títàn láìkú) á fi kọjá ogún ọjọ́, torí ó ti máa ń tàn mí tẹ́lẹ̀. Òní pé ọjọ́ 23.

Mo ra UPS, ojú USB wà lẹ́yìn ẹ̀, nut ń ṣiṣẹ́ (ó gbà mí ní alẹ́ méjì, èmi ni mo fi orúkọ dráífà tí kì í ṣe tiẹ̀ sí i). Mo tún gbé pawa páàkì lọ fún ẹnì kan tó ń tún wọn ṣe ní Sábó, ó ṣí i níwájú mi, kàpásítọ̀ méjì ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Irú pawa páàkì yẹn kì í ṣe èyí tí gbogbo ilé ìtajà ní, ẹnu ẹ̀ yàtọ̀, ojú méjì là fi wá a kó tó yọ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tòkunbọ̀ náà ni o, àmọ́ a dán an wò kí n tó sanwó. Ráámù wá di 16 báyìí, 8 àtijọ́ àti 8 tí mo fi Memtest sun mọ́jú kó tó wọlé. Torí pé ó dín kù, mo ní láti dín ti Windows sí 4GB, ìyàwó mi ní ó ń falẹ̀, mo ní kó fara dà á.

Ínfátà ṣì wà ní APL. Ìwé àti bírò ṣì wà lórí sáfà, nǹkan kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀ láti oṣù yìí ni pé UPS ké lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, sáfà ò mọ̀.

Ọmọ_Agríc · 7:03 alẹ́

Tíṣà, ráámù 16 tó bàjẹ́ yẹn ń kọ́, ẹ lè fún mi kí n máa fi gbá géèmù.

BàbáSáfà_Sábó · 7:05 alẹ́

O ò gbọ́ràn.

Tíṣà_Ìgbógbó · 7:20 alẹ́

Mo ti fi máákà kọ BÀJẸ́ sí i lára, mo gbé e kọ́ síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùté · 7:31 alẹ́

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ ìbéèrè 143 yẹn ńkọ́?

Tíṣà_Ìgbógbó · 7:44 alẹ́

Mo ní kí ẹni tó bá mi kọ CBT yẹn ṣe é kó máa fi ìdáhùn pa mọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá parí. Ọmọ náà tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn, ó ṣe 180 tán ní ìṣẹ́jú 74. Mo bi í pé kí lò ń sáré sí, ó ní òun fẹ́ parí kí sáfà tó ṣe tiẹ̀.